Orí Kẹfà: Ìlẹ̀kùn Kan fún Iná Méjì

Láti ọdún 1972 tí wọ́n ti dá NẸ́PÀ sílẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ iná wa ti yí padà, wọ́n ti pín in, wọ́n sì ti ta ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ fún aládàáni ní ọdún 2013. Síbẹ̀, bí iná bá ti dé lálẹ́, yálà ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Agége, igbe kan náà làwọn ọmọdé ṣì ń ké: “Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!” Igbe ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé, ìgbà tí igbe yẹn bọ́ lẹ́nu ọmọ gan-an ni ewu ńlá kan ń kọjá lórí ilé náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì fura. Jẹnẹrétọ̀ ti ń dún lẹ́yìnkùlé láti ìrọ̀lẹ́, ó ti ń tan gílóòbù, ó ti ń yí fáànù, iná ìjọba sì tún dé. Iná méjì ló wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé kan ṣoṣo. Kí ló ń dá ọ̀kan dúró kí ó má baà kọlu èkejì? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ló ń fi ilé tó ní ààbò hàn yàtọ̀ sí ilé tí orí ṣì ń kó yọ, ohun tí mo sì fẹ́ fi gbogbo orí yìí sọ nìyí: ohun tó ń dá iná méjì dúró kí wọ́n má pàdé gbọ́dọ̀ jẹ́ irin, kò gbọdọ̀ jẹ́ ìrántí ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí a ṣe ń so jẹnẹrétọ̀ mọ́ ilé. Àwọn kan kì í so ó mọ́ ilé rárá: wọ́n á fa wáyà ẹ̀tẹ́ńṣàn láti ara rẹ̀ wá sí pálọ̀, wọ́n á ki fáànù àti tẹlifíṣàn bọ̀ ọ́, ó parí. Àwọn mìíràn pe ẹlẹ́tiríṣánì, ó sì gbé ṣéǹjófà, ohun tó ń yí ilé láti orí iná kan sí èkejì, kọ́ ara ògiri láàárín mítà àti àpótí bíréékà. Ẹgbẹ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Wọ́n á ra wáyà, wọ́n á de púlọ́ọ̀gì mọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á ki orí kan bọ jẹnẹrétọ̀, wọ́n á ki orí kejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, iná á sì gba ẹ̀yìn wọlé, á tàn ká gbogbo yàrá. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ iná fún irú wáyà olórí-méjì bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí wáyà ìpara-ẹni, orúkọ náà kò sì le jù. Ìdí tí wọ́n fi ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ihò ni pé kí iná wà nínú ihò náà níbi tí ìka kò lè dé. Púlọ́ọ̀gì tí irin rẹ̀ yọ síta, ohun tó ń gba iná ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ohun tó ń fún ni níná. Wáyà olórí-méjì ti dojú ètò yìí délẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ kọ́ ọ tó sì yọ kúrò lára ògiri, orí púlọ́ọ̀gì tí fóltì 230 wà lára irin rẹ̀ ló ń yí gbiri lórí ilẹ̀ yẹn, níbi tí ọmọ tó ń rákò ti ń ṣeré.

Ohun mìíràn tún wà tí kò hàn sójú. Bíréékà tó ń ṣọ́ ilé, pàápàá èyí tó máa ń já bí iná bá ń jò sára ènìyàn, ẹnu ọ̀nà ilé ni wọ́n fi í sí, ó sì ń ka iye iná tó wọlé àti iye tó jáde bí òǹkà owó ibodè. Iná tó bá gba sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá wọlé kò gba iwájú rẹ̀ kọjá rárá. Ó lè máa jò, ó lè máa gbọ̀n ènìyàn, ẹ̀ṣọ́ náà ò ní mọ̀. Wáyà tó lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan kò sì nípọn tó wáyà tó yẹ kó gbé iná gbogbo ilé. Púlọ́ọ̀gì wa ń lo fíúùsì tí kì í ju ámpù 13 lọ. Bí ó bá ti jó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi rọ́pò rẹ̀, okùn bàbà tí wọ́n fà yọ lára wáyà àlòkù. Láti ìgbà yẹn lọ, ohun tó máa kọ́kọ́ yọ́ nínú ilé náà kì í ṣe fíúùsì mọ́, wáyà inú ògiri ni.

Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní gbogbo èyí kò ṣẹlẹ̀. Ká ní wáyà nípọn dáadáa, ọmọdé kò sì sí nínú ilé. Ewu tó tóbi jù kò sí nínú ilé yẹn rárá; orí òpó iná ìta ló wà. Iná kì í mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Wáyà tó gbé iná wá láti òpó sí mítà, tó gbé e láti mítà dé àpótí bíréékà, wáyà kan náà ni yóò gbé iná jẹnẹrétọ̀ padà lọ sí òpó bí nǹkan kan kò bá gé e. Bí ó bá dé òpó, á tọ òpó lọ sí tiransifọ́mà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tiransifọ́mà dà bí ìlẹ̀kùn tó ń ṣí síhà kan ṣoṣo, pé iná ńlá ń wọ ibẹ̀ láti di iná kékeré, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin ni, ọ̀kan wé púpọ̀, ọ̀kan wé díẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ ní àdúgbò wa ń gba fóltì 11,000, ó sì ń fún wa ní 415 láàárín ìlà kan sí ìkejì, èyí tó jẹ́ bíi 240 láàárín ìlà kan àti wáyà dúdú tó ń dá iná padà. Ìdínkù bíi ìgbà 46 nìyẹn. Bí iná bá gba ìsàlẹ̀ wọ̀ ọ́, ìgbà 46 kan náà ni yóò fi pọ̀ sí i. Iná 230 tí ẹ fi ń wo tẹlifíṣàn lè gba ibẹ̀ jáde sórí wáyà òkè gẹ́gẹ́ bí nǹkan tó lé ní 10,000, ẹni tó sì gun òpó ní ìkóríta kejì, tó ti gbọ́ pé wọ́n ti pa ìlà náà láti orísun, wáyà tó rò pé ó ti kú ló ń fọwọ́ kàn.

Níbi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé yìí ni àwọn kan ti máa ń sọ pé jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè dé òpó dé ibi tí yóò pa ènìyàn. Wọ́n ní bí iná rẹ̀ bá jáde sí ìta, ilé gbogbo àdúgbò á fà á, á gbéra mì, á sì kú. Àríyànjiyàn yìí ní òtítọ́ nínú, nítorí náà ó yẹ ká dá a lóhùn dáadáa. Lóòótọ́, bí ọgọ́rùn-ún ilé bá so mọ́ ìlà kan, jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA kò lè gbé wọn. Bíréékà ara rẹ̀ á já tàbí kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni òṣìṣẹ́ máa ń wà lórí òpó? Ìgbà tí wáyà já ni, ìgbà tí fíúùsì ìlà ti jó, ìgbà tí wọ́n ti yọ àdúgbò kúrò lára ìyókù kí wọ́n lè ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ yẹn, ó lè jẹ́ ilé méjì tàbí mẹ́ta péré ló kù lórí wáyà tó so mọ́ ilé yín, jẹnẹrétọ̀ yín á sì gbé wọn láìsí wàhálà. Ọjọ́ tí ènìyàn wà lórí òpó gan-an ni ọjọ́ tí ẹrù tó yẹ kó pa jẹnẹrétọ̀ náà kò sí níbẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ “kékeré” yẹn fúnra rẹ̀. Kékeré sí kí ni? 2.5 kVA ní fóltì 230 ń fúnni ní bíi ámpù 11. Fún ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù méjì, kékeré ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdiwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe bíréékà tó ń dáàbò bo ẹ̀mí ènìyàn ni kí ó já bí iná tó ń jò bá dé ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún ámpù kan, nítorí pé bí iná bá ti ju ìyẹn lọ tó sì gba àyà kọjá, iṣan lè di, èémí lè dúró, lílù ọkàn lè dàrú. Ámpù 11 ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 360. Kódà jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní “Àì bẹ́tà pàásì màì néébọ̀”, tí kì í ju wáàtì 650 lọ, lè fúnni ní nǹkan bíi ìlọ́po 90. Bí tiransifọ́mà bá sì wúwo jù fún jẹnẹrétọ̀ kékeré débi pé kò lè tì í kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá fóltì rẹ̀, fóltì 23 yẹn nígbà 46 ṣì ju 1,000 lọ. Kò sí jẹnẹrétọ̀ tó kéré lójú ọkàn ènìyàn.

Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ iná ni láti dán wáyà wò kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sì so ó mọ́ ilẹ̀ kí iná tó bá sá wá lè wọlẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, ìlànà iṣẹ́ wọn nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé e lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n wáyà tí wọ́n dán wò ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó sì ti kú lè jí ní aago méje, nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí ẹnìkan sì fa okùn jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ nìkan ló ń kan wáyà. Ẹ wo bí a ṣe ń gbé ní àdúgbò: bí fíúùsì bá jó lórí òpó, ìgbà mìíràn wà tí àwọn ará àdúgbò ń dá owó jọ, tí wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn, ẹni náà sì lè máà ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ká má tilẹ̀ sọ okùn ìdemọ́lẹ̀. Bí ìjì bá sì ja wáyà lulẹ̀, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé iná kò sí, nítorí náà ẹ̀rù wáyà náà kò ba ẹnikẹ́ni. Ọlọ́kadà á fẹ́ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ títì kí ó lè kọjá. Àwọn wọ̀nyí kò ní ìlànà iṣẹ́ kankan tó ń ṣọ́ wọn. Ohun tó ń ṣọ́ wọn ni bí ẹ ṣe so jẹnẹrétọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ ká padà sí igbe “Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ”. Iná ilé wa kì í ṣàn lójú kan bí omi. Ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ronú nípa àwọn méjì tó ń fi ayùn gbọọrọ la igi gẹdú: bí ọ̀kan bá ń fà, èkejì á jọ̀wọ́, iṣẹ́ á sì máa lọ nítorí pé ọwọ́ wọn bára mu. Bí àwọn méjèèjì bá fà lẹ́ẹ̀kan náà, ayùn á kán tàbí kí ẹnìkan ṣubú. Iná ìjọba àti iná jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́ ohùn ara wọn rí. Bí wọ́n bá pàdé lórí wáyà kan, kò sí ohun tó ní kí lílọ ọ̀kan bá lílọ èkejì mu. Iná tí a ń pè ní 230 ń gòkè dé bíi 325 ní ṣóńṣó rẹ̀. Bí ọ̀kan bá wà ní ṣóńṣó òkè tí èkejì sì wà ní ṣóńṣó ìsàlẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn di 650. Nínú ìjà yìí, jẹnẹrétọ̀ ló máa ń pàdánù, nítorí pé gbogbo agbára tiransifọ́mà ló wà lẹ́yìn ẹni tó ń bá a jà. Wáyà inú rẹ̀ á jó, iná á ta, epo bẹntiróòlù sì wà nínú táǹkì tó gbé lórí. Ẹni tó bá ti ronú lórí bí táǹkì yẹn ṣe sún mọ́ wáyà náà tó, kò ní pe ọ̀rọ̀ yìí ní ìbẹ̀rù asán.

Mo ti fi àríyànjiyàn tó lágbára jù sẹ́yìn, nítorí pé àwọn ọlọ́gbọ́n ló ń sọ ọ́. Wọ́n ní: “Èmi mọ gbogbo èyí. Kí n tó ki wáyà bọ ògiri, mo ti kọ́kọ́ pa bíréékà ńlá, mo sì ti yọ kọ́tàóòtù, fíúùsì tó wà láàárín òpó àti ilé. Iná mi kò lè jáde, iná wọn kò sì lè wọlé.” Mi ò lè ní irọ́ ni. Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀ gan-an, iná méjèèjì kò ní pàdé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka iṣẹ́ tí a gbé lé ìrántí lọ́wọ́. Ká ní iná ń lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, èyí tí kò ṣàjèjì sí wa. Ìgbà 1,095 nìyẹn lọ́dún kan tí ẹnìkan ní láti pa bíréékà kí ó tó ki wáyà bọ ògiri, àti ìgbà 1,095 mìíràn tó ní láti yọ wáyà kí ó tó ṣí bíréékà padà. Nínú òkùnkùn ni, pẹ̀lú ooru, pẹ̀lú ọmọ tó ń sunkún, nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́ tó sì ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó ṣe é dáadáa nígbà 2,189 tó sì gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó láti gba ẹ̀mí. Ìwà àìbìkítà kọ́ ni mo ń sọ. Bí orí ọmọ ènìyàn ṣe rí ni. Ohun tí a bá ti ṣe títí ó ti mọ́ wa lára, ọwọ́ ló ń ṣe é, ọkàn ti lọ síbòmíràn.

Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìmọ̀ náà, orí ẹnìkan ṣoṣo ló wà. Baálé ilé ló mọ̀ pé bíréékà ṣáájú wáyà. Ó rìnrìn àjò lọ sí Abẹ́òkúta. Iná lọ. Ìyàwó rẹ̀ rí i tó ń ṣe é, ó sì rántí apá kan. Àbúrò tó wá kí wọn rí ibi tí wáyà wà, kò rí bíréékà. Kò sí ẹni tó ṣe ohun tí kò yẹ nínú wọn. Ìsopọ̀ tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́, tó sì ń béèrè pé kí gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kàn án mọ ìtàn rẹ̀, ìsopọ̀ náà ló ní àbùkù.

Ohun tí ṣéǹjófà ṣe nìyẹn: ó mú ìmọ̀ náà kúrò lórí ènìyàn, ó fi sínú irin. Wáyà tó lọ sínú ilé wà láàárín rẹ̀, iná ìjọba wà ní apá kan, iná jẹnẹrétọ̀ wà ní apá kejì. Apá tó ń so wọ́n pọ̀ jẹ́ irin kan ṣoṣo, irin kan kò sì lè wà níbi méjì. Kí ó tó kan apá kejì, ó ní láti kọ́kọ́ fi apá kìn-ín-ní sílẹ̀, kí ó gba àárín kọjá níbi tí kò ti kan ohunkóhun. Àbúrò tí kò mọ nǹkan kan lè yí ọwọ́ rẹ̀ sí ibi tó bá wù ú: ó lè fi ilé sí òkùnkùn, kò lè fi iná méjì pàdé. Ti àwọn tó ń yí ara wọn padà láìsí ọwọ́ ènìyàn náà yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá irin wà nínú rẹ̀ tó ń dí ọ̀kan lọ́nà bí èkejì bá ti wọlé, tàbí wáyà ìdarí nìkan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ó bá jẹ́ wáyà nìkan, ẹ má rà á. Ẹ má sì ra irú èyí tí abẹ irin rẹ̀ wà níta gbangba, tí ọwọ́ lè kàn.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ tí ó yẹ kí n dúró lé lórí díẹ̀. Àwọn kan ń mú wáyà pupa, èyí tó ń gbé iná wá, nìkan gba inú ṣéǹjófà, wọ́n á sì so gbogbo wáyà dúdú pọ̀ sójú kan, nítorí wọ́n gbà pé iná kò sí lára dúdú. (Ní ilé tuntun, pupa ti di búráùn, dúdú ti di búlúù, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà.) Lóòótọ́, wáyà dúdú kì í gbọ̀n ni nígbà tí gbogbo nǹkan bá wà létò. Ṣùgbọ́n òun náà ń gbé iná padà, òun náà sì lọ tààrà sórí òpó. Bí ìlà pupa bá já lé dúdú lórí níta, iná ìjọba á gba wáyà dúdú yẹn wọ ilé yín nígbà tí ẹ rò pé jẹnẹrétọ̀ nìkan lẹ ń lò. Fún ìdí yìí, ṣéǹjófà gbọ́dọ̀ gé pupa àti dúdú lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá sì ti gé dúdú, ìṣòro kékeré kan á yọjú tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́tiríṣánì ń fò dá. Lórí iná ìjọba, wáyà dúdú so mọ́ ilẹ̀ ní ìdí tiransifọ́mà, ìyẹn ló jẹ́ kí iná tó ń jò rí ọ̀nà padà, tí bíréékà fi ń mọ̀ tó sì ń já. Nínú ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré, dúdú kò so mọ́ ilẹ̀ níbì kankan. Nígbà tí ilé bá wà lórí jẹnẹrétọ̀, bíréékà ìdáàbòbò lè máa sùn bí ẹni pé wọn kò rà á. Ẹlẹ́tiríṣánì ní láti wò ó bóyá ìsopọ̀ yẹn wà nínú jẹnẹrétọ̀. Bí kò bá sí, òun ni yóò ṣe é, ní ibì kan ṣoṣo lọ́dọ̀ jẹnẹrétọ̀, pẹ̀lú ọ̀pá irin tó wọ ilẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ẹni tó ní ìwé-àṣẹ ni. Àjọ NEMSA ni ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti máa ṣàyẹ̀wò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì burú láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ fi ilé yín lé lọ́wọ́.

Lórí ìwọ̀n, ohun tó ń tan ènìyàn ni pé wọ́n ń fi bí jẹnẹrétọ̀ ṣe kéré tó ra ṣéǹjófà. Wọ́n gbàgbé pé iná ìjọba náà ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ilé bá lè fa ámpù 60 láti òpó, ṣéǹjófà ámpù 30 á gbóná títí tí ike rẹ̀ á fi yọ́, bí jẹnẹrétọ̀ tilẹ̀ jẹ́ 2 kVA péré. Iná tó pọ̀ jù nínú méjèèjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Wáyà tó ti ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀ wá ni kí ẹ fi bí jẹnẹrétọ̀ ṣe tóbi tó rà: bàbà 2.5 mm² tó fún èyí tó ń fúnni ní ámpù 11, 4 tàbí 6 sì ni fún èyí tó jẹ́ 5 kVA, bí ọ̀nà bá ṣe jìn sí. Kí ẹ má sì fẹ́ kó kúrú jù. Wáyà kúkúrú ló ń mú kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ fèrèsé, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sínú kíṣìnnì. Èéfín rẹ̀ ní kábọ́nù monóksáìdì nínú, afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tó ń fi bíi ìlọ́po 200 dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń dì mọ́ ọn lọ. Ẹni tó bá ń sùn kì í jí láti sọ pé orí ń fọ́ òun. Nítorí náà, mítà wáyà díẹ̀ sí i tí yóò gbé ẹ̀rọ náà jìnnà sí gbogbo fèrèsé, tiyín àti ti aládùúgbò, wà lára ìsopọ̀ tó dára gẹ́gẹ́ bí ṣéǹjófà ṣe wà lára rẹ̀.

Mo mọ̀ pé owó á wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣéǹjófà, wáyà bàbà tó jẹ́ ojúlówó, owó iṣẹ́, kò sí èyí tó pọ́ọ́kú láyé ìsinsìnyí, ẹni tó sì ń ra epo lójoojúmọ́ ti ń náwó tó. Èmi kò ní kí ẹni tí kò ní in jókòó sínú òkùnkùn. Bí owó kò bá tí ì tó, ẹ má so jẹnẹrétọ̀ mọ́ ilé rárá. Ẹ ṣe bí àwọn àkọ́kọ́ tí mo mẹ́nu bà: ẹ fa ẹ̀tẹ́ńṣàn tó nípọn láti ara ẹ̀rọ náà wá síbi fáànù, síbi fìríìjì, kí púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ ilé wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀tẹ́ńṣàn. Kò rẹwà, wáyà á wà nílẹ̀, gílóòbù òkè àjà kò ní tàn. Ṣùgbọ́n iná náà kò ní ọ̀nà kankan dé orí òpó, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti rántí ohunkóhun. Nínú ààbò, ó sún mọ́ ṣéǹjófà ju wáyà olórí-méjì lọ, bí wáyà olórí-méjì tilẹ̀ tan gbogbo yàrá. Ẹni tó ti ra ínfátà àti páànẹ́lì oòrùn kò bọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú: iná tó ti inú bátìrì jáde ń gbọ̀n ni bí ti jẹnẹrétọ̀, ilé tó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ní iná mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ pàdé.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹlẹ́tiríṣánì má lọ kí ó tó fi han yín. Kí ó kọ́kọ́ yọ kọ́tàóòtù kí iná ìjọba má baà dé bá a lórí iṣẹ́. Kí ó yí ṣéǹjófà sí àárín, kí ó tan jẹnẹrétọ̀, kí ó jẹ́ kí ó sáré dọ́gba, kí ó tó wá yí i sí ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀. Gbogbo bíréékà yàrá á ti wà ní pípa, á wá máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹrù má baà gun ẹ̀rọ náà lójijì. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ilé ń tàn, kí ó fi mítà ọwọ́ rẹ̀ wọn ẹnu ṣéǹjófà tó kọjú sí òpó: láti pupa sí dúdú, láti pupa sí ilẹ̀, láti dúdú sí ilẹ̀. Kò gbọdọ̀ rí ohunkóhun níbẹ̀. Bí ó bá rí ohun tó pọ̀ tó láti tan gílóòbù kékeré, kí ó pa jẹnẹrétọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, kí ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ara wáyà àkọ́kọ́.